Ohun Tí A Bá Ṣì Ń Dárúkọ Kì Í Di Pàǹtí: Barrister àti 'Fuji Garbage' ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Ọdún 1988 ni Síkírù Àyìndé Barrister gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde tó pè ní 'Fuji Garbage'. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, tí a dàgbà ní ìgbèríko Ìbàdàn, ẹgbẹ́ kan náà ni àwa àti rẹ́kọ́ọ̀dù náà, bí ọdún mélòó kan bá tilẹ̀ wà láàrin wa. A ò rà á, a ò sì yàn án. Àwa la bá a nílé. Àwọn bàbá wa ló ni kásẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹ̀gbọ́n wa ló ni ijó, àwa sì ni etí. Ìdí nìyí tí kò fi rọrùn fún wa láti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ ìwé tó rà lọ́jà lánàá. Síbẹ̀ ó yẹ ká gbìyànjú, torí pé orin tó bá tọ́ èèyàn dàgbà, oríyìn nìkan kọ́ ló tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ò pọ̀. 'Fuji Garbage' kọ́ wa pé ohun tí ẹnì kan bá ṣì ń dárúkọ kì í di pàǹtí. Ó kọ́ wa tán, orúkọ àwa náà kò wá sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, "gábéèjì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì létí wa. Ijó ni. Wọ́n á ní lágbájá mọ gábéèjì í jó, a ó sì mọ̀ pé ẹni náà mọ bí wọ́n ti ń fi èjìká sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a dé ilé ẹ̀kọ́ girama la tó mọ̀ pé pàǹtí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ohun tí èèyàn gbá jọ tó fẹ́ lọ dà nù. Ó yà wá lẹ́nu. Kí ló dé tí ọkùnrin tó ti ń kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù láti àárín àwọn ọdún 1960, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ọ̀gá, á fi pe iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ní ìdọ̀tí?

Ìdáhùn kan wà nínú ojú tí wọ́n fi ń wo fújì láyé ìgbà náà. Orin gáréèjì, orin alápatà, orin àwọn tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ: irú ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn láwọn ilé tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ wí. Ní àdúgbò tiwa gan-an, àwọn àgbà kan wà, nínú mọ́ṣáláṣí àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní orin ọmọ ìta ni. Bí a bá fi èyí sọ́kàn ka orúkọ rẹ́kọ́ọ̀dù náà, àwàdà ọlọ́gbọ́n ló jọ: ẹ pè é ní pàǹtí, àbí? Ó dáa, pàǹtí náà nìyí, ẹ wá jó o. Wọ́n sì jó o, títí kan àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ àwa ọmọ oko tún rí ìtumọ̀ kan tí ọmọ ìgboro lè má tètè rí. Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé ní Èjìòkú tàbí ní Bádékù. Ibẹ̀ ni tòmátì ti ń hù tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ín. Ibẹ̀ ni elégédé ti ń fà gun ògiri. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni ilẹ̀ ààtàn, torí pé oríṣiríṣi nǹkan ló ti kó jọ síbẹ̀ tó ti jẹrà pọ̀ di ọ̀kan: èèpo iṣu, eérú, ìgbẹ́ ewúrẹ́, èèpo kòkó. Tí ẹ bá bi wá pé kí ni fújì, a ò ní àpèjúwe tó dára ju ìyẹn lọ.

Ẹ sáà wo ohun tó kó jọ. Wéré ló wà nísàlẹ̀, orin àwọn ajísàárì tó máa ń jí àwọn Mùsùlùmí lóru nínú oṣù Rámádàánì. Inú rẹ̀ ni Barrister ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ìbàdàn kì í sì í ṣe àlejò sí orin yìí: Dàúdà Epo Àkàrà tó dá àwúrèbe sílẹ̀, àti Gàníyù Kútì tí wọ́n ń pè ní Gàní Irefin, inú wéré ni àwọn náà ti jáde. Lórí wéré yìí, Barrister da sákárà àti àpàlà lé e. Ó fi bí wọ́n ti ń ké kéwú sí i lọ́rùn. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980, kíbọ́ọ̀dù àti gìtá náà ti bá wọn jókòó. Orúkọ "fújì" gan-an, ohun tó ṣà lọ́nà ni. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ara àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápá ọkọ̀ òfurufú ni òun ti mú un. Ẹni tó lè ṣa orúkọ lára ògiri, tí orúkọ náà sì di ti Yorùbá títí a fi gbàgbé ibi tó ti wá, ẹni tó mọ iyì ààtàn nìyẹn.

Tí a bá wá fi etí lámèyítọ́ gbọ́ ọ, ohun àkọ́kọ́ tó hàn ni sùúrù. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù láyé ìgbà yẹn máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, Barrister kì í sì í ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́. Bó bá ti gbé e, ó di ibi tí abẹ́rẹ́ bá dúró sí. Kì í ṣe orin tí a ó kọ ẹsẹ kan, ká kọ ègbè, ká tún padà sí ẹsẹ kejì. Àdúrà á ṣẹ́rí di oríkì, oríkì á di òwe, òwe á di ìlù, ìlù á di ijó, àwọn elégbè á sì máa dáhùn lábẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ará ilé tó ń ṣe "hẹn-ẹn" nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ẹbí nílé wa náà nìyẹn. Àwọn àgbà kì í lọ tààrà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń débẹ̀. Ìdí nìyí tí orin ogún ìṣẹ́jú kò fi gùn lójú wa. Àwọn tó ń sọ pé fújì ò ní ètò, orin òyìnbó oníṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ohun kejì ni ohùn. Ohùn wéré kì í ṣe ohùn inú yàrá. Òru ni wọ́n kọ́ ọ fún, ìta gbangba ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí ẹni tó ń sùn ní ilé kẹta lè gbọ́, kó dìde wá jẹ sààrì. Barrister rí makirofóònù lò, ṣùgbọ́n kò ju ohùn òru yẹn nù. Ó máa ń fa ìparí gbólóhùn bí ẹni tó ń ké kéwú, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wọnú ara wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń dé etí kedere. Ohun tó jẹ́ kó bá abúlé mu nìyẹn. Bí wọ́n bá so gbohùngbohùn ẹlẹ́nu fèrè mọ́ igi níbi ìkómọ ní Lálúpọn, ẹni tó ń ti oko bọ̀ á ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó rí ilé.

Ohun kẹta ni ìlù, èyí ló sì ṣe wá lóore jù. Nígbà tí ohùn bá dákẹ́, ìlù á gba gbólóhùn náà lẹ́nu rẹ̀, á tún un sọ láìsí kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, a wá ń gbọ́ ọ lójú awọ, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn tíṣà wa kọ dò-rè-mí sára pátákó, wọ́n ní ká ka ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Àwọn ọmọ kan ń rojú. Àmọ́ ẹni tó bá ti fi etí tẹ̀lé ìlù fújì ti mọ̀ tipẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọ ara wọn. Bí àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, tí kì í ṣe èdè Yorùbá la kà ní yunifásítì, bá lè fi àmì sórí àròkọ lónìí, gbèsè onílù wà lọ́rùn wa.

Ó yẹ ká bi ara wa bí rẹ́kọ́ọ̀dù yìí ṣe rọ́nà dé abúlé. Ọdún 1986 ni ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, ohun tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí, rẹ́kọ́ọ̀dù aláwo dúdú náà sì ń kúrò lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù díẹ̀díẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ló gba ipò rẹ̀. Lọ́dún kan náà ni ìjọba fòpin sí àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwọn oníṣòwò wá ń ra kòkó fúnra wọn, bí náírà sì ti ń já, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n ń san lórí kòkó ń gòkè ní náírà. Fún ìgbà díẹ̀, owó wọ ọwọ́ àwọn tó ní kòkó lápá Ọ̀nà-Àrà àti Ẹgbẹ́dá, rédíò alákásẹ́ẹ̀tì sì wà lára ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń rà. Ètò tó ń fi ìyà jẹ akọ̀wé ní ìgboro wà lára ohun tó ṣí ọ̀nà fún fújì láti wọ oko. Ìtàn orin ò ṣeé yà kúrò lára ìtàn kòkó nílẹ̀ wa.

Ìdí mìíràn tí wọ́n fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ni pé wọ́n ka Barrister sí ọmọ wọn. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1948, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mushin ní Èkó ló ti dàgbà tó sì ti lókìkí. Ó ṣiṣẹ́ ológun, ó sì lọ ogun abẹ́lé. Nígbà tó wá dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ sílẹ̀, Siky-Oluyole ló pè é. Ẹ ò rí i pé kò fi orúkọ Èkó sí i? Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn, ló fi ṣe jagunjagun iwájú ilé ìtajà rẹ̀. Fún àgbẹ̀ Àkànràn tó mú kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́, orúkọ yẹn tó ìwé ẹ̀rí.

Báwo la ṣe wá gbọ́ ọ? Bátìrì ló ń pinnu. Bí bátìrì bá ti ń kú, ohùn Barrister á máa rẹlẹ̀, á máa fà, bí ẹni tó fẹ́ sùn. Wọ́n á kó bátìrì sá sóòrùn, lọ́jọ́ kejì ohùn á tún jí. Bírò la fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì tó bá hun. Ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì tó wà ní abúlé kì í sì í ṣe ojúlówó: wọ́n máa ń lọ dà á kọ ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́níyà tàbí ní Ìyànà Ọ̀fà. Bí téèpù bá tán láàrin orin, orin náà tán nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a wá gbọ́ orin wọ̀nyí lódindi lórí fóònù, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Ibi tó ti gé nínú kásẹ́ẹ̀tì ti di ara orin nínú ọpọlọ wa. A mẹ́nu ba èyí torí pé rẹ́kọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ jáde ọ̀tọ̀, èyí tí abúlé gbọ́ ọ̀tọ̀. Lámèyítọ́ tó bá gbé ti àkọ́kọ́ nìkan yẹ̀ wò, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ibí yìí la fẹ́ yà bàrà díẹ̀ sí ibi iṣẹ́ tiwa. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ "garbage" yìí ní ìtumọ̀ tó gún régé. Lọ́dún 1959, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John McCarthy, tó ṣẹ̀dá èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Lisp, gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "garbage collection". Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa ń kó sínú ìrántí rẹ̀. Ó tó àkókò kan, ó gbọ́dọ̀ gbálẹ̀. Báwo ló ṣe máa mọ ohun tó jẹ́ pàǹtí? Kì í bèèrè bóyá nǹkan ti gbó. Kì í bèèrè bóyá ó rẹwà tàbí ó ṣeyebíye. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bèèrè: ṣé nǹkan tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ń nàka sí i? Bí ohun kan bá ṣì wà tó ń nàka sí i, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí kò bá sí, ó di pàǹtí, wọ́n á gba àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Kì í ṣe ìwà ìkà. Bí ètò ti rí ni.

Ọjọ́ tí a kà á ní kíláàsì ni Barrister sọ sí wa lọ́kàn. Iṣẹ́ ìnàka ni iṣẹ́ fújì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Olórin fújì kì í kọrin lásán, ó ń dárúkọ: orúkọ òbí, orúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ, orúkọ òkú, orúkọ ọ̀rẹ́, orúkọ ìlú. Ìjà tó wà láàrin òun àti Kollington Àyìnlá nígbà náà, tó pín àwọn èèyàn sí méjì títí kan abúlé wa, ìdárúkọ ni. Èébú pàápàá, ìdárúkọ ni, torí pé ẹni tí o bá ń bú, o ò tíì gbàgbé rẹ̀. Wàsíù Àyìndé tó ti gbé irinṣẹ́ fún Barrister rí kó tó gbé 'Talazo' rẹ̀ jáde lọ́dún 1984, ó ń nàka sí ọ̀gá rẹ̀. Pasuma ń nàka, Sàhéèdì Òṣùpá ń nàka. Nígbà tí Asake sì gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2022, àwọn ọmọ tí wọn ò fi ojú rí kásẹ́ẹ̀tì rí ń jó sí ohùn tí fújì ti kọjá lára rẹ̀. Barrister kú ní London lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010, ṣùgbọ́n nípa ìlànà McCarthy, kò tíì sí ọjọ́ tó di pàǹtí. Ẹni tó pe orin rẹ̀ ní "garbage" ló kọ orin tí kò sí bí wọ́n ṣe lè gbá a dà nù.

Oríyìn nìyẹn. Ẹ jẹ́ á wá sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Ta ni fújì ń dárúkọ? Ẹ gbọ́ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá ìgbà yẹn, ti Barrister àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: oníṣòwò Èkó, olóyè, alágbàṣe ìjọba, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Àwa tí a ń gbọ́ ọ ní Erunmu mọ orúkọ àwọn olówó tí a kò ní fojú kàn láé, a sì mọ̀ wọ́n dáadáa ju orúkọ bàbá bàbá wa lọ. Àkànràn tí kásẹ́ẹ̀tì yìí ń dún níbẹ̀, ibùdó Àgbẹ́kọ̀yà ni lọ́dún 1968 sí 1969. Ibẹ̀ ni Táfá Adéoyè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ láti san owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n wọ Ìbàdàn, wọ́n ṣí ẹ̀wọ̀n Agodi, ìjọba sì dín owó orí kù kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn ṣì wà láyé nígbà tí 'Fuji Garbage' jáde. Wọ́n jó sí i. Orin tó mọ bí wọ́n ti ń gbé èèyàn ga débi tí ọ̀run ń gbọ́, owó ló kọ́kọ́ ń wò kó tó gbé èèyàn. Ẹni tó gbin kòkó tí wọ́n fi ra rédíò kò sí nínú ohun tí rédíò ń sọ.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Nínú irú orin yìí, ìyá ni obìnrin, tàbí ìyàwó, tàbí arẹwà tó ń jó. A kì í gbọ́ ọ bí ẹni tó ń sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin á kọjá sí wákà, lọ́dọ̀ Bàtílì Àlàkẹ́ tàbí Sàláwà Àbẹ̀ní. Bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní abúlé wa, àwọn ìyá ló mọ orin Barrister sórí jù, wọ́n mọ ibi tí ìlù á ti ṣẹ́, wọ́n ń fi ìgbá tí wọ́n fi ń ro gàrí dáhùn ègbè. Orin tó jẹ́ pé obìnrin ló ń gbé e lárugẹ báyìí ì bá ti fún wọn ní ìjókòó tó ju ìyẹn lọ.

A ò sọ èyí láti fi bu ọ̀gá kù. Olórin ní ẹnu tó ń bọ́, ó ní ẹgbẹ́ onílù tó pọ̀ tó gbọ́dọ̀ sanwó fún, àgbẹ̀ Bádékù ò sì lè gbé e wá sí òde. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà pé ìdárúkọ ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ ìgbálẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tí wọn ò bá dárúkọ ń bẹ nínú ewu.

Ohun tó dùn mọ́ wa ni pé abúlé ò jókòó kó máa retí. Àwọn olórin kéékèèké wà káàkiri Akínyẹlé àti Làgelú, àwọn tó jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ń kọrin. Wọn ò ní rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọ́n mú ohùn Barrister, wọ́n mú ètò rẹ̀ bó ti rí, wọ́n yọ orúkọ olówó Èkó kúrò, wọ́n fi orúkọ tiwa sí i: ẹni tí iṣu rẹ̀ ta lọ́dún náà, ẹni tó fẹ́ ìyàwó, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò, bàbá tó gbẹ́ kànga tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Náírà mélòó kan, wọ́n á gbé ọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni 'Fuji Garbage' ti ṣe iṣẹ́ tó dára jù lọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀ ò mọ̀ wá, ṣùgbọ́n ó fi ilé tí kò tì sílẹ̀ fún wa, ẹnikẹ́ni lè gbé orúkọ tirẹ̀ wọlé. Àwọn akọ̀wé kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ báyìí kí ẹlòmíì lè mú un tún ṣe. Àwọn olórin abúlé ti ń ṣe é kí a tó gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gba orin wọn sílẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì kan bá wà, ó ti hu, tàbí kí eku ti jẹ ẹ́. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbọ́dọ̀ yá nìyí: àwọn tó kọ ọ́ ti ń darúgbó, abúlé fúnra rẹ̀ sì ń yí padà. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Mọ́níyà, ilẹ̀ tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ń di ilẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀n ní pulọ́ọ̀tì. Abúlé tó ní oríkì ń gba orúkọ ẹ̀sítéètì lórí pátákó. A ò lòdì sí ilé tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wa náà ló ń wá ilẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n orin tó dárúkọ àwọn tó kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀ ni ẹ̀rí tó kù, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n sórí bá sì lọ, kò sí ohun tó ń nàka sí wọn mọ́. Ẹ mọ ohun tí ètò McCarthy máa ń fi irú wọn ṣe.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ wá rẹ́kọ́ọ̀dù fújì àtijọ́ kan, ẹ ó rí i tí wọ́n ti gé e sí mẹ́rin, tí wọ́n kọ ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, tí àwòrán tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti rẹ́kọ́ọ̀dù mìíì. Orúkọ Barrister á wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó lu ìlù tó kọ́ wa ní àmì ohùn, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ nìyí fún àwa tí a mọ kọ̀ǹpútà tí a tún gbọ́ Yorùbá: kí orin wà lódindi, kí ọdún rẹ̀ tọ̀nà, kí onílù ní orúkọ, kí a kọ Yorùbá rẹ̀ pẹ̀lú àmì. Ẹni tó bá sì ní bàbá tàbí ìyá tó mọ orin olórin abúlé kan, fóònù wà lọ́wọ́, kó tẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, kó sì béèrè ẹni tó ni orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀.

Ìdájọ́ wa rèé lórí 'Fuji Garbage'. Rẹ́kọ́ọ̀dù ijó ni, ẹni tó bá ń wá ìwàásù lè bá rẹ́kọ́ọ̀dù Barrister mìíì lọ. Ó gbé olówó ga ju bó ti yẹ lọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mú ohùn òru àwọn ajísàárì, ó mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú u, ó mú ohun gbogbo tó rí ṣà lọ́nà, ó kó wọn jọ títí wọ́n fi hu nǹkan. Àwa wà lára ohun tó hù níbẹ̀. Orúkọ tí kò pè, àwa la máa pè é.